Ọwọ́ Tí Ó Mọ Irin: Ìtàn Irinṣẹ́ Nínú Ilé Wa, Láti Dúmè Dé Kútọnu

Níbikíbi tí Yorùbá bá ti ń ṣe ọdún Ògún, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Pọ́bẹ̀ tàbí nínú àgbàlá kan ní Kútọnu níbí, irin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó jọ kí wọ́n tó pa ajá. Alágbẹ̀dẹ á gbé owú rẹ̀ wá, ọdẹ á gbé ìbọn, awakọ̀ á mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, aránṣọ á mú àlùmọ́gàjí, onízémìjàn á ti alùpùpù rẹ̀ wọlé. Irinṣẹ́ oúnjẹ oòjọ́ ni gbogbo wọn. Irinṣẹ́ ilé ni kì í pọ̀ mọ́ láàárín wọn: òòlù tí baálé fi ń kan ìṣó, ayùn tó fi ń gé igi ọgbà, ọkọ́ kékeré tí ìyàwó ilé fi ń tú ilẹ̀ ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Kútọnu lónìí tí kò ní òòlù rárá. Bí ilẹ̀kùn bá yẹ̀ lára òpó, wọ́n á ránṣẹ́ pe káfíńtà; bí káfíńtà bá pẹ́, wọ́n á fi òkúta tì í. Òkúta náà á sì di ara ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nǹkan rí tẹ́lẹ̀, bí ó sì ṣe yí padà ní ìtàn tirẹ̀.

Àwọn àgbà ń sọ pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti ìsálọ̀run bọ̀ wá sí ayé, igbó dídí kan dí wọn lọ́nà. Ọbàtálá fa àdá rẹ̀ yọ, ó ṣá igbó náà, ṣùgbọ́n àdá òjé ni, ó sì tẹ̀. Ògún ló fi àdá irin la ọ̀nà fún gbogbo wọn. A máa ń pa ìtàn yìí láti fi gbé Ògún ga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ á gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀: kò sí ẹni tó sọ pé apá Ọbàtálá kò lágbára. Àdá ọwọ́ rẹ̀ ni kò bá iṣẹ́ mu. Ibẹ̀ gan-an ni ìdajì ìbẹ̀rù irinṣẹ́ ti ń wá. Ènìyàn á fi ọ̀bẹ ìdáná tú ìdè irin, ọ̀bẹ á kán, ó tiẹ̀ lè ṣá a lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ á máa sọ pé Ọlọ́run kò fún òun ní ọwọ́ iṣẹ́.

Nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ti amọ̀ àti koríko, kò sí agbo ilé tó ń dúró de oníṣẹ́ kan kí ó tó tún òrùlé ṣe. Àwọn ará ilé ló ń ṣe é, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì fi ń pe ara wọn síṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni àáró, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́: àwọn ọ̀dọ́ á pa ọwọ́ pọ̀ lóko ẹnì kan lónìí, ó di oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi yípo. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ bo òrùlé á ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀, á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Àwọn Fọ̀n náà ní irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dónkpè. Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Àgbómẹ̀ ní 1931, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1938.

Àwọn tó ti kọ̀wé lórí àáró àti ọ̀wẹ̀ sábà máa ń yìn wọ́n nítorí ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Ọmọkùnrin tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ sí ọ̀wẹ̀, omi ni yóò máa pọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, á bá wọn fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Lẹ́yìn náà á máa ju ìṣù amọ̀ sókè fún ẹni tó ń mọ ògiri, ojú rẹ̀ á sì máa wà lára ọwọ́ ẹni náà. Kò sí ẹni tó fi òkè ògiri lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó bá wá kan òun náà láti mọ ọ́n, bí ó bá wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í rẹ́rìn-ín, àgbà kan á wó ibẹ̀, á sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rín yẹn kì í pa ènìyàn. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ní ti wọn: àwọn ló ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ ilé títí yóò fi dán, àwọn ló sì ń ra ara ògiri. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé iṣẹ́ títún ilé ṣe kì í ṣe ti obìnrin, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ojú ọkọ́ àti àdá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ sí igbó lọ gé igi tí yóò fi ṣe èèkù, tí yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi bá ọwọ́ òun mu. Nítorí náà kò sí ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àjèjì sí. Òwe wa pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í béèrè ikú tó pa baba rẹ̀: ogun ni wọ́n pa á fún, àmọ́ èèkù ló wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún Ògún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: Akati Ekplékendo. Dúmè ló ti wá, ìlú àwọn Yorùbá Ifẹ̀ ní agbègbè Savalou. Nígbà tí ọba Ghézo ti Dàhòmì gbógun ti Dúmè, wọ́n mú Akati lẹ́rú wá sí Àgbómẹ̀, níbi tó ti ń rọ irin fún ààfin. Òun ló ṣe ère Gu, Ògún àwọn Fọ̀n, tí ọba Glèlè fi ṣe ìrántí baba rẹ̀ Ghézo. Ère náà tó ìdúró ènìyàn. Irin àlòkù tó ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó wá ni Akati fi ṣe é: ó lù ú, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìṣó dè é mọ́ra. Lórí fìlà ère náà, ó to àwọn ohun ìjà àti irinṣẹ́ kéékèèké yípo. Àwọn Faransé kó o lọ lẹ́yìn ogun Dàhòmì. Ó ti wà ní Paris láti 1894, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ló sì wà báyìí. Ní oṣù kọkànlá 2021, nígbà tí Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀, ère Gu kò sí nínú wọn. Ẹjọ́ yẹn kò tíì tán. Èyí tó kàn wá níbí ni pé ẹrú kan tó wà lọ́wọ́ ọ̀tá, tí kò sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ àfi ọwọ́ tó mọ irin, wo ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìdọ̀tí, ó sì rí òrìṣà níbẹ̀.

Ní àsìkò kan náà, àwọn ọwọ́ mìíràn ń ti òkè òkun bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní Bràsíìlì ní 1835, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira padà wá sí Wídà, Agué, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Láti ara orúkọ wọn ni wọ́n ti ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí wà nínú wọn. Iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ mọlémọlé ni ọ̀pọ̀ wọn mú bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tó bá sì dúró níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni òun ń wò.

Ẹwà ni wọ́n mú wá, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ nǹkan kan yí padà pẹ̀lú wọn. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì kò ṣeé fi ọ̀wẹ̀ kọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ayùn àti ìfági lò gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, kó sì ṣe ìdáǹdè. Díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ilé bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kò lè mú kí ènìyàn kórìíra irinṣẹ́. Ìjọba amúnisìn ló ṣe ìyẹn. Ní 1900 ni iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu, ó sì dé Ṣábẹ̀ ní 1911. Iṣẹ́ ipá wà káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, títí òfin 11 oṣù kẹrin 1946, tí wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny pè, fi fòpin sí i. Ọkọ́ tí Ògún fi bù kún àgbẹ̀ wá di ohun tí aláṣẹ ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́ pẹ̀lú pàṣán lẹ́yìn. Ilé ẹ̀kọ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí gómìnà àgbà Jules Brévié ń gbé ilé ẹ̀kọ́ oníṣẹ́ oko lárugẹ láàárín 1930 sí 1936, ọ̀pọ̀ òbí bínú: wọn kò rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kí ó lè lọ ro oko tíṣà. Kálámù ni wọ́n fẹ́ kí ó dì mú, kí ó má baà di ọkọ́ mú mọ́ láé. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí àwọn òbí kò sọ jáde, pé ìtìjú ni irinṣẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Kérékou gbìyànjú láti so kálámù àti ọkọ́ pọ̀. Òfin 23 oṣù kẹfà 1975 sọ pé ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ máa mú nǹkan jáde. Ilé ìwé dá oko, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀. Èrò náà kò burú rárá. Àmọ́ oko ilé ìwé kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Tíṣà tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ oko ń darí ọmọ ogójì tí ọkọ́ tí wọ́n ní kò kárí, ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n sì ń fi ọkọ́ jẹ níyà. Ọmọ tí roro yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ rí ọkọ́ mọ́. Àṣìṣe yẹn ṣì wà ní àwọn ilé ìwé kan títí dòní: gígé koríko ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn kò jìnnà sí Kútọnu. Ní 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo dá Songhaï sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lórí sarè ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ìjọba fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ oko àti ẹran sísìn níbẹ̀, ilé iṣẹ́ irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, wọ́n sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ń rí ikùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èèkù àtijọ́ náà ni.

Ní Kútọnu fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùgbìn ewébẹ̀ Houéyiho fi ọkọ́ àti agolo ìbomirin sọ iyanrìn di oúnjẹ ní àárín ìlú. Iyanrìn kì í le bí ilẹ̀ Kétu. Ọkọ́ fẹ́lẹ́ àti ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó o. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, ibi tí ọmọ ọ̀wẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àṣìṣe kò ti ní ná an ní nǹkan. Kó wá pákó àlòkù àti ìṣó mẹ́wàá. Ìdí èèkù òòlù ni kó dì mú, kì í ṣe ọrùn rẹ̀, torí ìwọ̀n orí òòlù ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe agbára apá. Kó kọ́kọ́ rọra gbá ìṣó títí yóò fi dá dúró, kó yọ ìka kúrò, kó tó gbá a gidi. Ayùn ní tirẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí eyín rẹ̀ lè rí ojú ọ̀nà. Ọ̀bẹ tàbí àdá tó kú ló ń ṣá ènìyàn jù, nítorí ẹni tó ń lò ó á fi agbára tì í, á sì yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá kan iná mànàmáná, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ. Kó sì jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kejì pákó náà mú, kó gba òòlù náà nígbà tó bá kan òun.

Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ ní Kútọnu kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó ní ìpẹtà. Òòlù tí wọ́n gbàgbé sí àgbàlá ní alẹ́ ọjọ́ kan, pupa ni wọ́n á bá a láàárọ̀. Àwọn àgbà máa ń fi epo pa ojú àdá kí wọ́n tó fi sókè àjà. Ní ọjọ́ ọdún, epo pupa ni wọ́n ń ta sórí gbogbo irin tó wà níwájú Ògún. Ẹni tó bá gbé òòlù ilé rẹ̀ wá, kó má tètè nu epo náà kúrò.