Títún Ìdánwò JAMB Ṣe Nítorí Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn: Bí Máàkì Ṣe Lè Gòkè

Yaba kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1930, láyé ìjọba amúnisìn, ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yóò máa ran dókítà lọ́wọ́. Lónìí, Yunifásítì Èkó wà ní Akọka ní Yaba, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 1962. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń wá àyè síbẹ̀ máa ń pọ̀ ju àyè tó wà lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé fi ń padà sílé láti tún ìdánwò JAMB ṣe. Àwọn àti òbí wọn ni a ṣe àlàyé yìí fún.

Ohun tí ìdánwò náà jẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́rin: Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù sì ní 40 níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 180, orí kọ̀ǹpútà ni a sì ti ń dáhùn wọn láàárín wákàtí méjì. Máàkì 100 ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ 400.

Èsì ọdún kan kì í ṣiṣẹ́ fún ọdún mìíràn. Ẹni tó ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, èsì tuntun náà ni wọn yóò sì lò fún un, ì báà ga ju ti àná lọ, ì báà relẹ̀ sí i. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ìdánwò ṣe láìní ètò.

Máàkì mẹ́ta ni a ń rò pọ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé JAMB nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dojú kọ. Ìlànà tí Yunifásítì Èkó ti ń lò pín 100 sí ọ̀nà mẹ́ta: 50 fún èsì JAMB, 30 fún ìdánwò àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, àti 20 fún iṣẹ́ márùn-ún nínú èsì ìdánwò àṣejáde girama. Wọn a pín máàkì JAMB sí 8. Ní ti èsì girama, A1 ní máàkì 4, B2 ní 3.6, B3 ní 3.2.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 248 ní JAMB: ìyẹn jẹ́ 31. B3 ló ní nínú iṣẹ́ márààrún: 16. Ó gba 18 nínú 30 ní àyẹ̀wò yunifásítì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Bí ó bá gba 280 ní ọdún tó tẹ̀lé e, máàkì mẹ́rin péré ló fi gòkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba 24 dípò 18 ní àyẹ̀wò yunifásítì, mẹ́fà ló gbà kún un. Bí ó bá tún èsì girama ṣe tí gbogbo rẹ̀ di A1, mẹ́rin mìíràn dé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 65 di 79. Ẹ wo ìlànà ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé kí ẹ tó ṣírò, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ lè yí i padà, yunifásítì mìíràn sì ní ìṣirò tirẹ̀.

Wo ibi tí o ti kọsẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń tún ìdánwò ṣe ti di àgbà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ó tó ṣí ìwé, kí ó gbé èsì àtijọ́ kalẹ̀, kí ó wo máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó relẹ̀ jù ni àyè tó pọ̀ jù wà nínú rẹ̀ láti gòkè. Kò ṣọ̀wọ́n kí ọmọ máa ka Bàọ́lọ́jì tó fẹ́ràn ní òru, kí ó sì máa sá fún Físíìsì.

Lẹ́yìn náà, kí ó dáhùn ìbéèrè àtijọ́ bíi 180, kí ó sì pín àwọn tó kùnà sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò mọ̀ rárá. Èyí ń fẹ́ olùkọ́ àti ìwé. Èkejì ni èyí tó mọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣi ìbéèrè kà; èyí ń fẹ́ sùúrù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àkókò kò jẹ́ kí ó dé. Èyí ń fẹ́ ìdánrawò pẹ̀lú aago.

Ìdánrawò tó ń so èso

Wákàtí méjì fún ìbéèrè 180 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà nìkan kò lè kọ́ ènìyàn ní irú ìyára bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti fi hàn pé ẹni tó pa ìwé dé tó bi ara rẹ̀ léèrè máa ń rántí pẹ́ ju ẹni tó ń kà á léraléra lọ, àti pé kíkà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju àkàkún lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ̀ǹpútà dánra wò. Ó lè lo bọ́tìnnì mẹ́jọ péré láìfọwọ́ kan èkúté kọ̀ǹpútà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S fún fífi iṣẹ́ sílẹ̀, R fún pípadà sẹ́nu iṣẹ́ bí ènìyàn kò bá tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Kí ó má gbàgbé ìwé ìtàn tí JAMB yàn, nítorí pé ìbéèrè ń ti inú rẹ̀ wá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2025, *The Lekki Headmaster* ni.

Nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, Alákòóso Àgbà àjọ JAMB, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì jẹ́ ní ibùdó ìdánwò 157. Márùnlélọ́gọ́ta nínú wọn wà ní ẹkùn Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ 206,610 ló sì kàn níbẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Lápapọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n pè padà láti tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí èsì bá yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ọmọ máa ń gbà, kí ẹ kọ ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí JAMB kíákíá kí ẹ tó bínú sí ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra

Kò sí ẹni tí ẹ lè sanwó fún kí ó fi máàkì kún èsì. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń lu yín ní jìbìtì, màgòmágó nínú ìdánwò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ibi ìkàwé tó dákẹ́ rọ́rọ́ wà ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yaba: ẹ̀ka Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè àti Ilé Ìkàwé Herbert Macaulay.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ ẹlòmíràn wé ọmọ yín nínú ọdún yìí. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ jọ wo ibi tí máàkì ti bọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.