Ìbejì Tó Ń Gbé Ẹ̀jẹ̀ Fò

Ọbaléndé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí ariwo dánfó kì í ti í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ìtàn ẹ́ńjìnnì tí kì í pariwo ni mo gbé wá.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 1957, Colonel Taplin fi rìmóòtù darí bàálù kékeré oníbátìrì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2019, bàálù Zipline tí kò ní awakọ̀ nínú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní Ghana; lọ́dún 2022, ó dé Kàdúná. Ẹ́ńjìnnì oníná méjì ló ní: bí Táíwò bá kú lókè, kí Kẹ́hìndé lè máa gbé e lọ.

Ẹ fẹ́ ṣe oní-méjì tiyín? Bátìrì kan tó lágbára lè bọ́ méjèèjì, àmọ́ kí kálukú ní ESC tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná fún un. Wáyà mẹ́ta ló so ESC mọ́ ẹ́ńjìnnì: ẹ pààrọ̀ méjì síra wọn, yóò máa yí sódìkejì.

Lójú tèmi, ohun ìṣeré àná ni aláboyún ń dúró dè lónìí.