Òòlù Tó Pààrọ̀ Ọwọ́

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹlẹ́kọ á kígbe pé ẹ̀kọ òun gbóná, ẹlẹ́pà á ní tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni. Ohun tó wà nínú igbá ni kálukú ń dárúkọ, oníbàárà á sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá òótọ́ ni. Tí ẹnì kan bá wá polówó láì ṣí igbá ńkọ́, tó jẹ́ pé ìwà ló ń tà? Ìbéèrè yìí ló wà nídìí ìtàn ilé iṣẹ́ Apple. Ó sì kan gbogbo àwa tí a máa ń kọ ẹ̀yìn fóònù sí dígí ká tó ya fọ́tò, kí ayé lè rí èso tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Igbá ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní California. Ronald Wayne, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, ló ya àmì ìdánimọ̀ àkọ́kọ́: Isaac Newton jókòó sábẹ́ igi ápù. Àwòrán náà dà bí ti inú ìwé àtijọ́. Tí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré, ẹ ò ní mọ ohun tó jẹ́ mọ́. Lọ́dún 1977, Rob Janoff ya ápù tí wọ́n gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oríṣiríṣi ìtàn làwọn èèyàn ti so mọ́ ibi tí wọ́n gé jẹ yẹn. Àwọn kan ní ti Éfà ni, àwọn mìíràn ní ikú Alan Turing ni. Janoff fúnra rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀: ó gé e kó má baà jọ ṣẹ́rì ni. Ṣẹ́rì òyìnbó o, kì í ṣe àgbálùmọ̀ wa. Àwọ̀ mẹ́fà tó kùn ún náà ní ìdí: kọ̀ǹpútà Apple II lè gbé àwọ̀ jáde lójú rẹ̀. Ọjà ni àmì náà ń dárúkọ.

Ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, ọdún 1984 ni nǹkan yí padà. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Super Bowl lọ́wọ́ nígbà tí ìpolówó oníṣẹ́jú kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Chiat/Day ló ronú rẹ̀, Ridley Scott ló darí rẹ̀, ìwé tí George Orwell gbé jáde ní 1949 ni wọ́n sì yá ojú rẹ̀ lò. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n fá lórí jókòó tẹ̀rẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo ojú ńlá kan tó ń pàṣẹ fún wọn. Ọmọbìnrin kan sáré wọlé, ó ju òòlù, ojú ńlá yẹn sì fọ́ yángá. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lórí tábìlì níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùdarí Apple ò fẹ́ràn fíìmù náà rárá. Wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n ta àkókò tí wọ́n ti rà lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ta díẹ̀, ìṣẹ́jú kan ṣẹ́kù, ìyẹn náà ló sì dìtàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Macintosh jáde ní dọ́là 2,495.

Ká má parọ́, ẹ̀jẹ́ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà gbọ́dọ̀ há àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ sórí kó tó lè tẹ̀ wọ́n. Susan Kare ló ya àwòrán kéékèèké tó wà lójú Macintosh. Ìwé onílà gíráàfù ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń kun ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ta àdìrẹ. Garawa ìdọ̀tí, bọ́ǹbù fún ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń rẹ́rìn-ín: ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Àmì ⌘ tó ṣì wà lórí bọ́tìnnì Mac dòní, ara àmì ojú ọ̀nà ilẹ̀ Sweden ló ti mú un. Ẹni tí kò mọ èdè ẹ̀rọ lè wo àwòrán kó sì mọ ibi tó ń lọ. Òòlù inú fíìmù wà nínú ẹ̀rọ náà lóòótọ́.

Steve Jobs fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1985. Nígbà tó fi máa padà ní 1997, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé. Ìpolówó ló kọ́kọ́ fi dìde: Think Different. Einstein, Gandhi, Muhammad Ali, nínú àwòrán dúdú àti funfun. Ìwọ̀nba ni ọjà tuntun tó wà nílẹ̀ láti tà, nítorí náà oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n tà padà fún oníbàárà: tí o bá rà á, ìwọ náà ti bá wọn jókòó. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ín ni àmì náà kọjú sí kó tó ṣí i; tó bá ti ṣí i, àmì á dorí kodò lójú àwọn tó wà níwájú. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà. Láti ìgbà náà, àwọn òǹwòran ni ápù ń kọjú sí.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Apple yọ eré Fortnite kúrò nínú App Store, torí pé Epic Games la ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ kó má baà san 30% tí Apple ń gbà. Lọ́jọ́ náà gan-an, Epic gbé fíìmù 1984 jáde ní ẹ̀dà tuntun. Ápù ló wà lójú ńlá tó ń pàṣẹ, òòlù sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Epic náà kì í ṣe mẹ̀kúnnù o, owó ló ń jà fún. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wò ó ló lóye rẹ̀, nítorí Apple ló kọ́ ayé ní ìtàn náà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Apple fúnra rẹ̀ ṣe ìpolówó iPad kan, nínú èyí tí ẹ̀rọ ńlá kan ti tẹ dùùrù, gìtá, fèrè àti ọ̀dà àwọn ayàwòrán rẹ́. Inú àwọn oníṣẹ́ ọnà ru, Apple sì tọrọ àforíjì láàárín ọjọ́ méjì.

Ogójì ọdún ló wà láàárín òòlù tó fọ́ ojú aláṣẹ àti ẹ̀rọ tó fọ́ gìtá. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ka èyí ló ń ya lógò lórí fóònù, tí a sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Oníbàárà wa lè ní ká bá òun ta ìgboyà tàbí òmìnira. Kò burú. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ ní kó ṣí igbá rẹ̀ ná, ká wò ó bóyá Susan Kare kan wà nínú ilé wọn tó ń kun ilé gíráàfù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí, orúkọ wa náà wà lára ohun tí à ń polówó.