Ọlẹ̀ Mélòó Ni Kí Dókítà Gbé Wọlé? Ìtàn Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Ṣe IVF

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tu owó jọ láti ṣe IVF. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dókítà máa bi yín pé: "Ọlẹ̀ mélòó ni ká gbé wọlé?" Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn kíákíá pé: "Dókítà, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí i." Kẹ́ ẹ tó dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú IVF, wọ́n á gba ẹyin lára obìnrin, wọ́n á pò ó mọ́ àtọ̀ ọkùnrin nínú yàrá àyẹ̀wò. Èyí tó bá di ọlẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́ńbíríò, ni wọ́n á gbé sínú ilé-ọmọ.

Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí láyé, Louise Brown, ní ìlú Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Patrick Steptoe, Robert Edwards àti Jean Purdy ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọlẹ̀ mélòó ni wọ́n gbé sínú ìyá rẹ̀? Ẹyọ kan péré.

Báwo ló ṣe wá di púpọ̀? Oògùn tó ń mú kí obìnrin pèsè ẹyin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wọlé dé. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọlẹ̀ kì í dúró, ọgbọ́n à ń mú ọlẹ̀ dì kó má bàjẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún 1984 ni wọ́n tó bí ọmọ àkọ́kọ́ láti inú ọlẹ̀ tí wọ́n mú dì, ní Australia. Nítorí náà, àwọn dókítà ń gbé mẹ́ta, mẹ́rin wọlé, bí àgbẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ kò dá lójú ṣe ń ju hóró àgbàdo mẹ́ta, mẹ́rin sínú ihò kan. Àgbẹ̀ lè fa èyí tó bá pọ̀ jù tu. Ìyá ọmọ ńkọ́?

Nílẹ̀ wa, LUTH ní Èkó ni ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe é yọrí, tí wọ́n bí ọmọ IVF ní 1989. Láti ìgbà náà, ilé ìwòsàn tó ń ṣe é ti pọ̀. Ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń sanwó. Ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó rí owó ẹ̀ẹ̀kan kò ní fẹ́ gbọ́ pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni kò fẹ́ ìbejì láàrin wa? Ilẹ̀ Yorùbá ni Igbó-Ọrà wà, níbi tí Dókítà Patrick Nylander ti ka nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000. Ní Ìlọrin níbí, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe pọ̀ náà ni Hassan àti Hussein pọ̀.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé ohun tó wà nídìí ère ìbejì táwọn baba ńlá wa gbẹ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ère náà pọ̀ nítorí pé ìbejì ń kú púpọ̀. Títí di òní, oyún ìbejì ló sábà máa ń wáyé kí oṣù tó pé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ sì wọ́pọ̀ sí i fún ìyá. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nílò ẹ̀rọ tó ń mú un móoru àti iná tí kì í lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí.

Ní 2009, Nadya Suleman bí ọmọ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà ní California. Ọlẹ̀ 12 ni dókítà rẹ̀ gbé sí i. Àwọn ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ní 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà.

Ìwádìí tó yanjú ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2004 láti Sweden àtàwọn ilẹ̀ tó múlé tì í. Obìnrin 661 tí ọjọ́ orí wọn kò tó 36 ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n gbé ọlẹ̀ méjì pọ̀ sínú àwọn kan. Wọ́n gbé ẹyọ kan sínú àwọn yòókù. Bí kò bá dúró, wọ́n á tún gbé ẹyọ kan tó ti dì sí i. Nínú 100 tó gba méjì pọ̀, bíi 43 ló bímọ. Nínú 100 tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 39 ló bímọ. Ìyàtọ̀ náà kéré. Ṣùgbọ́n nínú ìbímọ 100, nǹkan bí 33 jẹ́ ju ọmọ kan lọ lọ́dọ̀ àwọn tó gba méjì pọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò pé ẹyọ kan.

Ẹ rí i báyìí: àfikún ọlẹ̀ kò sọ ìrètí di ìlọ́po méjì, ewu ló ń sọ di púpọ̀.

Èyí kò ní kí gbogbo èèyàn gba ẹyọ kan. Bí ọjọ́ orí bá ti lọ, tàbí tí ọlẹ̀ ti kọ̀ láti dúró lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, dókítà lè dámọ̀ràn méjì. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tàbí tí wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí fún rí, kó rò ó dáadáa.

Ẹ bi dókítà yín ní nǹkan mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Ṣé ẹ lè mú ìyókù ọlẹ̀ wa dì, èló sì ni owó ìpamọ́ rẹ̀ lọ́dún? Pẹ̀lú ọjọ́ orí ìyàwó mi, kí ni ẹyọ kan lè ṣe, kí ni méjì lè ṣe? Bó bá di ìbejì tí oṣù wọn kò pé, ilé ìwòsàn wo nítòsí ló lè tọ́jú wọn, èló sì ni?

Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kì í ṣe iye tó wọlé la ń kà, iye tó délé pẹ̀lú ìyá wọn láyọ̀ ni. Kí Ọlọ́run Ọba fún gbogbo ẹni tó ń wá ọmọ ní ọmọ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí tọkọtaya tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn.