Ọmọ Òkè-Òdàn Tó Gbé ní Gillingham

 

Ṣé ẹ rántí fọ́tò obìnrin tó wọ kaba òyìnbó gbàgẹ̀rẹ̀, tó ń kiri orí WhatsApp wa? Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Ọbabìnrin Victoria gbà á ṣọmọ, pé ààfin ló ń gbé. Ọmọ ìlú wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ààfin. Owó ìtọ́jú ẹ̀ ni Ọbabìnrin ń san. Ilé tó pẹ́ sí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Gillingham, ìlú kan ní Kent.

Ẹ̀yin náà mọ ogun Dàhómì tó tú ìlú wa ká ní 1848. Ọmọ náà ò tíì ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Wọ́n pa àwọn òbí ẹ̀, wọ́n kó òun lọ sọ́dọ̀ Ọba Gezo. Ní 1850, Captain Frederick Forbes wá láti ìlú òyìnbó, ó ní kí Gezo jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo ò gbà, ṣùgbọ́n ó fún un lẹ́bùn: owó ẹyọ, ọtí, àti ọmọ yìí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó! Forbes wá sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes lorúkọ tiẹ̀, Bonetta lorúkọ ọkọ̀ ojú omi ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1851 pé bí wọn ò ṣe ta ọmọ náà fún àwọn oníṣòwò ẹrú fi hàn pé ilé ńlá ló ti wá. Kò kọ orúkọ bàbá ẹ̀.

Oṣù kọkànlá 1850 ló fojú kan Ọbabìnrin ní Windsor. Forbes kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní òtútù ń fún ọmọ náà níkọ́, wọ́n gbé e lọ sílé ìwé ní Freetown, ní Sàró. Ní 1855 ló padà, tó bá ìdílé Àlùfáà Schön gbé ní Gillingham. Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí Crowther wọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní 1841. Màmá ni Sarah ń pe ìyàwó ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nítòsí ibẹ̀ ya síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì pè mí lórí fídíò. Palm Cottage lorúkọ ilé náà, ní Canterbury Street. Mo ti rò pé màá rí ilé ràgàjì. Ilé lásán ni, mọ́tò ń kọjá níwájú ẹ̀. Àwo ìrántí tí BBC kàn mọ́ ọn lára ní 2016 nìkan ló jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Agbo ilé wo ló ti wá ná?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Àwọn ará Gillingham mọ ilé tó gbé, àwa ò mọ ilé tí wọ́n bí i sí.

Nígbà tó tó ọkọ fẹ́, James Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró, ní òun fẹ́ ẹ. Sarah ò fẹ́. Wọ́n ní kó lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ìyá arúgbó kan ní Brighton, ó sì kọ lẹ́tà sí Màmá Schön pé òun ò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton, 14 oṣù kẹjọ 1862. "Ina" ni wọ́n kọ ṣáájú Sarah nínú ìwé ìgbéyàwó. Àwa tá a gbọ́ Yorùbá, Àìná la máa kà á sí. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ogun!

Èkó ló padà sí, ikọ́ ife ló pa á ní Madeira ní 1880. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jọ̀ọ́, àwa ọ̀dọ́ ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun yẹn nílé yín, tàbí tí oríkì yín bá dárúkọ ẹni tí wọ́n kó lọ, ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Ìyá àgbà mi ti ní òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó wá kílẹ̀ tó ṣú o, màmá ò kí ń pẹ́ sùn.