Omi Àpótí Iyùn: Bí A Ṣe Ń Mú Un Dúró Déédéé

Àpótí iyùn ni àpótí onígíláàsì tí a bu omi iyọ̀ sí, tí a ń sin ẹja òkun àti iyùn nínú rẹ̀. Ẹ ti lè rí iyùn lọ́rùn ọba, tàbí lọ́rùn ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹranko kéékèèké tó ń gbé pọ̀ nínú òkun ni iyùn. Egungun rẹ̀ ni wọ́n ń gé ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Irú tí a ń sìn nínú àpótí yàtọ̀ sí ti ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń fa kálísíọ̀mù inú omi láti fi kọ́ egungun. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń yí padà lójoojúmọ́ níbi tí iyùn bá wà.

Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni èyí: iyùn lè fara da ìwọ̀n tí kò pé pérépéré, ṣùgbọ́n kì í fara da ìwọ̀n tó ń ṣàdédé lọ sókè sódò. Bí omi bá yí padà lójijì, ẹran ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, egungun funfun á sì yọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti dàgbà lè kú tán.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Berlin jìnnà sí òkun. Lọ́dún 1869, Alfred Brehm ṣí ilé ẹja kan sí òpópónà Unter den Linden. Otto Hermes, tó di olùdarí lẹ́yìn rẹ̀, ṣe omi òkun àtọwọ́dá fún un. Ilé ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko Berlin lónìí ṣí lọ́dún 1913; ti Hagenbeck ní Hamburg ṣí lọ́dún 2007.

Láàárín ọdún 1970 sí 1990, àwọn olùsìn ẹja ní Berlin, tí Dietrich Stüber wà lára wọn, mú ọ̀nà kan jáde tí ayé wá mọ̀ sí ọ̀nà Berlin. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: òkúta òkun tí bakitéríà ń gbé inú rẹ̀, iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí kúrò, àti Kalkwasser, ìyẹn omi tí a po kálísíọ̀mù háídírọ́ksáìdì mọ́. Wọ́n gé iyùn Acropora tí Stüber sìn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín in fún àwọn olùsìn mìíràn. Títí dòní, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ olùsìn mìíràn sàn ju èyí tí wọ́n já nínú òkun lọ.

Omi wo ni kí ẹ lò?

Abẹ́ ilẹ̀ ni Berlin àti Hamburg ti ń fa omi ẹ̀rọ wọn. Ó dára fún mímu, ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù: omi náà ti ní èròjà púpọ̀ nínú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí páìpù ilé bá jẹ́ bàbà, bàbà lè wọ inú omi, májèlé sì ni fún iyùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ Osmose sẹ́ omi náà, kí ẹ tó po iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún àpótí iyùn mọ́ ọn. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣeé lò.

Ìwọ̀n tí à ń fẹ́

- Ìgbóná: dígírì 25 sí 26
- Iyọ̀: gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan
- KH: 7 sí 9
- Kálísíọ̀mù: 400 sí 450 mg/l
- Magnẹ́síọ̀mù: 1250 sí 1350 mg/l
- pH: 8.0 sí 8.4
- Amónìà: kò gbọ́dọ̀ sí rárá

Ẹ yan nọ́ńbà kan láàárín ìwọ̀n wọ̀nyí, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹni tí KH rẹ̀ wà ní 7.5 lójoojúmọ́ sàn ju ẹni tó wà ní 7 lónìí, tó di 9 lọ́la.

KH àti kálísíọ̀mù

Láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì náà, Karbonathärte, ni KH ti wá, àwọn olùsìn iyùn káàkiri ayé sì ń lò ó. Ó ń sọ bí omi ṣe lágbára tó láti má ṣe kan. Bí iyùn bá ń kọ́ egungun, ó ń lo KH àti kálísíọ̀mù pọ̀: bí KH bá fi 1 dínkù, kálísíọ̀mù á fi bíi 7 mg/l dínkù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpótí yín gba lítà 200. Lánàá KH jẹ́ 8, lónìí ó di 7.5. Gíráàmù 3 Natron ni yóò gbé 0.5 náà padà. Natron gidi ni kí ẹ rà, kì í ṣe Backpulver, tó ní nǹkan mìíràn nínú. Ẹ pò ó mọ́ omi Osmose, kí ẹ sì máa dà á díẹ̀díẹ̀ síbi tí omi ti ń ṣàn dáadáa. Ẹ má ṣe da òun àti kálísíọ̀mù síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọ́n á dì pọ̀ di nǹkan funfun tí kò wúlò fún iyùn.

Bí KH bá ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ má ṣe sáré. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gòkè ju 1 lọ lójúmọ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

Nígbà òtútù

Ẹ̀rọ amúlégbóná máa ń mú kí omi tètè gbẹ. Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Nítorí náà omi Osmose lásán ni kí ẹ fi dípò rẹ̀, láìsí iyọ̀. Bí fèrèsé bá wà ní títì tọ̀sán-tòru, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí à ń mí síta á kún inú yàrá, á sì fa pH wálẹ̀. Kí ẹ tó ra oògùn pH kankan, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lüften tí àwọn aládùúgbò ń ṣe ń ran iyùn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ inú ọ̀sẹ̀

- Lójoojúmọ́: ẹ wo ìgbóná, ẹ dá omi tó gbẹ padà.
- Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ wọn KH ní wákàtí kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
- Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀: ẹ wọn iyọ̀ àti kálísíọ̀mù, ẹ pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi. Omi tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba ní iyọ̀, ìgbóná àti KH.

Ọ̀rọ̀ láti kọ́

- iyùn: Koralle. *Iyùn mi ti dàgbà.*
- ìwọ̀n iyọ̀: Salzgehalt. *Ìwọ̀n iyọ̀ ti gòkè.*
- gbẹ: verdunsten. *Omi ti gbẹ díẹ̀.*
- wọ̀n: messen. *Mo wọn omi. Mo wọ̀n ọ́n.* Ẹ kíyè sí i: ohùn ìsàlẹ̀ wọ̀n di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni pò, rà àti dà.
- déédéé: gleichmäßig. *Omi àpótí wa dúró déédéé.*