Àgbà tí Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Kò Bá

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà nígbà náà. Ọdún 1957 ni ti ìlú Èkó gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ni a ṣílẹ̀kùn fún. Ẹni tí ó ti di géńdé, tí ó ń tajà tàbí tí ó ń wakọ̀, kò sí nínú ètò náà. Bákan náà ni ó rí lẹ́yìn ọdún 1979, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní oṣù keje ọdún 1983 ni ìjọba Shehu Shagari fi òfin dá yunifásítì kan sílẹ̀ níbi tí àgbà yóò ti lè kàwé láti ilé láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò pé ọdún kan! Ìjọba ológun tì í pa ní oṣù kẹrin ọdún 1984. Ọdún 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí i dìde. Ẹni tí ó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí wọ́n tì í ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ kàwé níbẹ̀, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní 2018.

Yunifásítì náà kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyá aláṣọ ní Òṣòdì ń san tirẹ̀.